Ohun Tí Ọlámidé Fúnra Rẹ̀ Fẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni Sàlímọ́tù ti fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Alakahia kí ọ̀gá rẹ̀ tó ní kí ó máa gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá nímọ̀ràn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ló gbé e dé Port Harcourt, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé Pijin rẹ̀ já gaara ju ti ẹlòmíràn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan sìgá, ohùn rẹ̀ a le.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá bá a ni Ẹ̀ríolúwa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Sàlímọ́tù kó àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò síwájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà kàn ń wí pé, "Yes, Ma." Ó dúpẹ́, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, Sàlímọ́tù ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ní oríta Aluu. Bí ọmọ náà ṣe rí i, ó fi ọwọ́ tó mú sìgá pamọ́ sẹ́yìn, ó ń kí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, sìgá náà sì ń jó bọ̀ wá bá ìka rẹ̀. Sàlímọ́tù rí bí ìrora ṣe ń yí i lójú, síbẹ̀ kò jẹ́ jù ú sílẹ̀. Obìnrin náà yára kọjá lọ kí ìka ọmọ ọlọ́mọ má baà jó. Ohun tó dùn ún jù lọ́jọ́ náà ni pé òun ni ọmọ náà ń sá fún, kì í ṣe sìgá.

Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Rumuola. Obìnrin tó kọ́ wọn níbẹ̀ sọ pé, "Ẹni tí ẹ bá ń tì, títì náà ni yóò máa ti yín padà. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Ìdí tí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa bá a kalẹ́." Sàlímọ́tù kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà á tán. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àgbà tó bá rí ọmọdé létí kànga kì í béèrè pé kí lo rí nínú omi. Ńṣe ló ń fà á sẹ́yìn.

Ọdún 2018 lèyí. Ìgbà náà ni èéfín dúdú tí gbogbo ìlú ń pè ní súùtù gbòde ní Port Harcourt. Bí èèyàn bá sá aṣọ funfun síta láàárọ̀, á ti dúdú tóótòòtó kí ó tó di ọ̀sán. Bí ọmọdé bá fọn ikun, dúdú ló ń bọ́ síta.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúrósinmí mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń bá iléeṣẹ́ kan tó ń wa epo lójú òkun ṣiṣẹ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Rumuola ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ó wa ọkọ̀ kọjá gbogbo ilé ìwòsàn tó wà lọ́hùn-ún wá sí Alakahia kí ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan má baà rí wọn. Ọlámidé lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Aládùúgbò wọn, obìnrin Kalabari kan tó ń jẹ́ Ibinabo, ló máa ń mójú tó o bí bàbá bá wà lójú omi. Òun náà ló rí páálí sìgá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tó sì sọ fún bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dẹ́rù bà á," ni Dúrósinmí wí kí ó tó jókòó. "Wọ́n ní ẹ ní àwọn àwòrán kan. Ẹ fi hàn án. Kí ó rí ibi tó ń lọ."

"Ẹ kú ìrìn, sà," ni Sàlímọ́tù dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí èmi àti òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bẹ́ǹṣì wà níta."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo nọ́ọ̀sì, bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì. Lẹ́yìn náà ó jáde.

Ọlámidé jókòó sí etí àga, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ tín-ín-rín ni, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn gírígírí.

"Ṣé mo lè bi ọ́ ní nǹkan kan?" ni Sàlímọ́tù bẹ̀rẹ̀. "Bí o ò bá fẹ́ dáhùn, kò sí wàhálà."

Ọmọ náà ní òun gbọ́.

"Kí ló dùn mọ́ ọ nínú sìgá?"

Ọlámidé gbójú sókè. "Ma, you dey test me?"

"Rárá o. Mi ò mu ún rí, mi ò mọ bó ṣe rí. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Port Harcourt, àdàlù Pijin àti Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Yorùbá kàn ń yọjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. "Ó máa ń jẹ́ kí ara mi balẹ̀," ó sọ. "Pàápàá tí ilé bá dákẹ́."

"Kí ni kò wá dùn mọ́ ọ níbẹ̀?"

"Irọ́." Ìyẹn yá a lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Anti Ibinabo máa ń béèrè pé kí ló ń rùn, màá ní pàǹtí ni wọ́n ń jó lẹ́yìn ilé. Wọ́n sì máa ń gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló máa ń dùn mí."

Inú Sàlímọ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í dùn pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ déédéé. Àfi bí ọmọ ṣe gbé èjìká sókè. "Ṣùgbọ́n, Ma, kí ni ìyàtọ̀? Gbogbo Port Harcourt ló ń mu sìgá. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá gan-an ń mu ún. Ẹ wo ojú wíńdò yín."

Kí Sàlímọ́tù tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dé inú dúrọ́ọ̀. Ó ti kó àwòrán síta, ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró, nípa ọkàn, nípa ọmọ tí yóò bí lọ́la. Ojú Ọlámidé pa dé bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fà lulẹ̀. "Yes, Ma," ó wí. "Yes, Ma."

Sàlímọ́tù gbọ́ ọ, ó sì rántí ibi tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó kó àwọn àwòrán náà jọ, ó dá wọn padà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í.

"Ọlámidé, má bínú," ó wí. "O bá mi sọ òótọ́, èmi sì da ọ̀rọ̀ bò ọ́ mọ́lẹ̀. Súùtù náà wọ ilé tèmi pẹ̀lú. Mo fi àkísà nu wíńdò láàárọ̀ yìí, ńṣe ló dà bíi pé mo nu ìdí ìkòkò."

Ọmọ náà wò ó. Àgbàlagbà kankan ò tíì bẹ̀ ẹ́ báyìí rí láyé rẹ̀. Ó kàn ń fi ìka ha ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ohun tí o ń sọ ni pé atẹ́gùn ìlú yìí kò dára tẹ́lẹ̀," ni Sàlímọ́tù tún sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Kí wá ni èrè ẹni tó bá jáwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ọlámidé nàka sí wíńdò. "Ṣùgbọ́n súùtù yẹn, èmi kọ́ ni mo mú un. Wọ́n kàn dà á lé wa lórí ni. Sìgá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi mú un."

Gbogbo ara Sàlímọ́tù ń fẹ́ bẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ó sọ pé o ò rí i, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ó gbé e mì. Ó kàn wí pé, "Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ mú un."

"Yes."

"Bí òdo bá jẹ́ pé kò wù ọ́ rárá láti jáwọ́, tí mẹ́wàá jẹ́ pé ó ń wù ọ́ gan-an, ibo lo wà?"

"Mẹ́ta."

"Kí ló dé tí kì í ṣe òdo?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọlámidé. Ó ti ń múra láti gbọ́ ìbínú, kí wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó ní ìdí kan," ó wí, "ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ sọ ọ́."

"Kò burú. Tìẹ ni. Mo máa ń wà níbí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́ta lọ."

Nígbà tí wọ́n jáde, Dúrósinmí dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé ó ti ṣèlérí?"

"Rárá, sà. Mi ò ní kó ṣèlérí."

Inú bàbá kò dùn. Ó kí i tán, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì, ó padà sójú omi.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ dé, Ọlámidé kò wá. Sàlímọ́tù ń wo ẹnu ọ̀nà títí aago márùn-ún fi lù, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá kò yẹ kí òun ti gbá ọmọ náà mú bí àgbà ṣe ń gbá ọmọdé mú létí kànga. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ń ka iye abẹ́rẹ́ tó wà nínú àpótí nígbà tó gbọ́ "Good afternoon, Ma" lẹ́yìn rẹ̀. Ọlámidé ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé, eruku lẹ́sẹ̀. Ó ti wọ ọkọ̀ méjì láti Rumuola. Ẹnikẹ́ni ò rán an.

Ó jókòó, kì í ṣe sí etí àga mọ́. "Màá sọ ìdí yẹn fún yín," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún Dádì."

"Mi ò ní sọ."

"Dádì ń mu sìgá. Lẹ́yìn ilé, níbi jẹnẹrétọ̀. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Wọ́n máa ń lá súìtì olómíńtì kí wọ́n tó wọlé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Tí wọ́n bá lọ sójú omi, ilé kì í dà bí ilé wa mọ́. Ó máa ń dà bí ilé tí èèyàn wá wò. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹyọ sìgá kan wà nínú àpò rẹ̀. Mo tan án. Mi ò tiẹ̀ fà á ní ọjọ́ yẹn, mo kàn jẹ́ kí ó máa jó." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Gbogbo yàrá ń rùn bíi Dádì."

Sàlímọ́tù gbé bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún tó ti ń bá sìgá jà, kò sí àwòrán kankan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tó lè bá èyí sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́, ó fi bo ọwọ́ ọmọ náà lórí tábìlì, àwọn méjèèjì sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí èrò tó ń pariwo níta fi kọjá lọ.

"O ń wá bàbá rẹ," ó wí níkẹyìn.

Ọlámidé nu ojú rẹ̀. Kí ó lè rí nǹkan mìíràn wò, ó tẹjú mọ́ káàdì tó wà lórí tábìlì, níbi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sí. "Ma, kí ni Dúrósinmí túmọ̀ sí? Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní school. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn."

"Dúró, sin mí," ni Sàlímọ́tù wí, ó ń pè é díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ó ń sọ pé ìwọ yìí, má lọ, dúró tì mí, ìwọ ni kí o sin mí bí mo bá dàgbà tán."

"Grandma sọ ọ́ láti fi bẹ wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n dúró," ni ọmọ náà sọ. "Àwọn ni wọ́n sin Grandma ní Ìjẹ̀bú ní December. Mo wà níbẹ̀." Ó fi ìka tọ orúkọ náà lórí káàdì. "Èmi náà fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n dúró. Mi ò ní mọ́mì, wọn ò gbọdọ̀ mu sìgá kú." Ó wá mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, tí èmi náà ń mu ún?"

Sàlímọ́tù kò fi kún un. Ó tún béèrè nọ́ńbà rẹ̀, láti òdo dé mẹ́wàá, Ọlámidé sì ní méje. Ó béèrè ìgbà tó máa ń le jù. Ọmọ náà ní láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí Anti Ibinabo bá padà sí ilé tiwọn lọ dáná. Ẹyọ mẹ́rin ló ń mu lójúmọ́.

"Ṣé kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ? O lè mú un, o sì lè fi í sílẹ̀." Ọlámidé ní kí ó sọ. "Bí òùngbẹ sìgá bá ń gbẹ ọ́, kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, á rọlẹ̀. Àwọn kan máa ń mu omi tútù. Àwọn mìíràn máa ń rìn jáde. Kí ni ìwọ rò pé o lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú yẹn?"

Ọmọ náà ronú. "Màá máa bá Dádì sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí dáadáa lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n mo lè gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, kí n fi ránṣẹ́. Tí ó bá wọlé, ó wọlé." Ó rẹ́rìn-ín. "Màá sọ ọ́ ní Yorùbá. Wọ́n máa rò pé ẹlòmíràn ni."

Òun ló ro ètò náà fúnra rẹ̀. Sàlímọ́tù kàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ni.

Nígbà tó tún wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì kí ó tó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì, ohun tí kò ṣe rí. "Ma, mo mu méjì lánàá."

"Ọjọ́ mélòó lo ti fi wà láìmu ún ṣáájú àná?"

"Márùn-ún."

"Ọjọ́ márùn-ún. Báwo lo ṣe ṣe é?"

Ọlámidé dúró bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè dáadáa. Ó ti wá gba ìbáwí. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe ń jẹ ẹ̀pà, bó ṣe ń lọ jókòó sí kíṣìnì Anti Ibinabo tó ń bá wọn yan ẹja, bó ṣe sọ òótọ́ fún wọn nípa pàǹtí tí kò sí ẹni tó jó o, tí wọ́n sì ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà tọ́. Nígbà tó fi máa lọ, sìgá méjì tó mu yẹn ti kéré lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá àti ọmọ jọ wá. Dúrósinmí ti dé láti ọjọ́ mẹ́rin, kò sì kánjú sọ̀rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Nọ́ọ̀sì, yàrá kan wà lójú omi tí wọ́n ti gbà wá láyè láti mu sìgá," ó wí. "Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Ohùn ọmọ yìí mọ́kànlá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dádì, ilé dákẹ́. Dádì, mo fẹ́ mu, mi ò mu. Dádì, Anti Ibinabo sun ẹja, ó jóná. Yorùbá tó ń sọ kò tọ́ níbì kankan." Ó gbé gíláàsì padà sójú. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, sìgá ọwọ́ mi ti jó tán láìfà á. Nígbà tí mo délé, ó jókòó tì mí, ó sọ ohun tó wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹn fún mi. Ó wá bẹ̀ mí. Ó fi orúkọ mi bẹ̀ mí."

Ọlámidé fi orí ti èjìká bàbá rẹ̀.

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan?" ni Dúrósinmí béèrè.

"Ẹ̀yin ni mo ń gbọ́, sà," ni Sàlímọ́tù wí. "Ṣé mo lè bi yín ní nǹkan kan?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. "Ó ti sọ fún mi pé bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọlámidé dìde láti jáde, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ó jókòó. Ní ọ̀sán yẹn, ó sọ fún àwọn méjèèjì bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyàwó òun, nítorí pé ẹ̀yìn ilé nìkan ni òun ti lè dá dúró láìjẹ́ kí ọmọ rí òun. Ọlámidé kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè nọ́ńbà rẹ̀, ó ní mẹ́rin, ó sì wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára. "Mẹ́rin ju tèmi lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́," ni Ọlámidé sọ fún un.

Ọlámidé jáwọ́ kí òjò ọdún náà tó rọ̀ tán. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí èsì ìṣirò rẹ̀ kò dára, ó sì dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Ti bàbá rẹ̀ pẹ́. Ó dín in kù, ó pọ̀ sí i padà lójú omi, ó sọ fún ọmọ pé òun ti jáwọ́ nígbà tí kò tíì jáwọ́, ó tún wá jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló fi ń wá sí Alakahia nìkan, á jókòó, á sọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó kọjá ọdún kan kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ náà gan-an. Ọlámidé kàn ṣàkíyèsí nígbà kan pé ẹnikẹ́ni kì í lọ sẹ́yìn ilé mọ́ àfi ẹni tó bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí Ọlámidé wọ yunifásítì, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Aluu ló gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà sí ilé ìwòsàn, ó gbé bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan tó ń gbóná dání nínú bébà. Sàlímọ́tù pa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dé, àwọn méjèèjì sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì kò béèrè ọ̀rọ̀ sìgá, ọmọ náà kò sì mẹ́nu bà á. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ ló ń sọ, ọmọ Okrika kan tó ń jẹ́ Tamunotonye, tó máa ń bá a gbé ìwé ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀. Yorùbá rẹ̀ ti já díẹ̀, ó ń ṣì í sọ níbi tí kò yẹ, Sàlímọ́tù sì ń rẹ́rìn-ín títí ata fi gbé e lọ́nà ọ̀fun. Òjò ṣú, ọmọ náà ní òun kò kánjú.